Àáró fún Ọkàn: Àlàyé lórí Àwọn Ẹ̀rọ tí ó ń Ran Ọkàn Lọ́wọ́ nígbà tí Ìṣàn Ẹ̀jẹ̀ bá Ṣubú

1.0 Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú pépà yìí ni kí á ṣàlàyé àwọn ẹ̀rọ tí àwọn oníṣègùn ń lò láti ran ọkàn ènìyàn lọ́wọ́ nígbà tí agbára rẹ̀ bá pin, tí kò sì lè fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí ara mọ́. A ó kọ́kọ́ wo àìsàn náà fúnra rẹ̀ àti orúkọ tí ó yẹ kí á máa pè é. Lẹ́yìn èyí, a ó sọ bí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ti ń ṣiṣẹ́, a ó sì yẹ ẹ̀rí wò bóyá ẹ̀rọ wọ̀nyí ń gba ẹ̀mí là ní tòótọ́. Ní ìparí, a ó gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí ìlú Ògbómọ̀ṣọ́, kí á lè mọ ohun tí ó kàn wá níbẹ̀.

Èrò tí ó so gbogbo àlàyé yìí pọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹ̀rọ wọ̀nyí kì í wo ọkàn sàn. Àkókò ni wọ́n ń yá aláìsàn. Nítorí náà, kí á tó bèèrè bóyá a ní ẹ̀rọ tàbí a kò ní, ó yẹ kí á bèèrè ohun tí a fẹ́ fi àkókò tí a yá náà ṣe.

2.0 Àìsàn náà àti orúkọ rẹ̀

Ọkàn àgbàlagbà kò ju ìkúùkù rẹ̀ lọ. Bí ènìyàn bá jókòó jẹ́ẹ́, ọkàn rẹ̀ ń tì tó nǹkan bí lítà 5 ẹ̀jẹ̀ jáde ní ìṣẹ́jú kan. Bí a bá sì rántí pé ẹ̀jẹ̀ tí ó wà lára àgbàlagbà kò ju nǹkan bí lítà 5 náà lọ, a ó rí i pé láàárín ìṣẹ́jú kan péré, ìwọ̀n gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara ti gba inú ọkàn kọjá. Ìyẹ̀wù òsì ọkàn ni ó ń ṣe èyí tí ó wúwo jù nínú iṣẹ́ yìí, nítorí òun ni ó ń ti ẹ̀jẹ̀ sínú òpó iṣan ńlá tí ó ń pín in fún ọpọlọ, kíndìnrín, ẹ̀dọ̀ àti gbogbo ẹ̀yà ara yòókù.

Nígbà tí ọkàn kò bá lè ṣe iṣẹ́ yìí mọ́, tí ẹ̀yà ara sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú nítorí àìrí ẹ̀jẹ̀ tó, ohun tí àwọn dókítà ń pè ní cardiogenic shock ti dé nìyẹn. Àwọn àmì rẹ̀ kò fara sin. Nọ́ńbà òkè ìfúnpá kì í tó 90, bẹ́ẹ̀ ni kì í sì í tètè gòkè. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ aláìsàn á tutù bí omi amù, òógùn á sì máa bò ó. Ìtọ̀ rẹ̀ á dínkù. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, nítorí ọpọlọ kò rí ẹ̀jẹ̀ tó. Bí ó bá dùbúlẹ̀ gbalaja, kò ní lè mí dáadáa, nítorí omi ti ń dá sí ẹ̀dọ̀fóró.

Ìṣòro kan wà nípa orúkọ tí a ó pe àìsàn yìí ní èdè Yorùbá. Bí a bá túmọ̀ shock sí ìpayà tàbí jìnnìjìnnì, a ti ṣi ẹni tí ń gbọ́ lọ́nà, nítorí kò sí ohun tí ó dẹ́rù ba aláìsàn. Bí a bá sọ pé ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, tàbí pé ọkàn rẹ̀ dákú, àwọn ẹbí rẹ̀ yóò rò pé ìbànújẹ́ ni ó bá a, wọn yóò sì máa wá ọ̀rọ̀ ìtùnú sọ fún un. Èyí kò yani lẹ́nu, nítorí pé nínú èdè wa, ọkàn ni ibùjókòó èrò àti ìmọ̀lára kí ó tó jẹ́ ẹran ara tí ń ti ẹ̀jẹ̀. A kò sì lè pè é ní ìdáṣẹ́sílẹ̀ ọkàn, nítorí pé òṣìṣẹ́ tí ó dáṣẹ́ sílẹ̀ ní agbára láti ṣiṣẹ́, ó kàn kọ̀ ni. Ọkàn tí à ń sọ yìí kò kọ̀. Agbára rẹ̀ ni ó tán. Orúkọ tí a ó lò nínú pépà yìí ni ìṣubú ìṣàn láti ọkàn. Ó sọ ohun tí ó ṣubú, ó sì sọ ibi tí ìṣubú náà ti wá.

Ohun tí ó mú àìsàn yìí burú ju ọ̀pọ̀ àìsàn mìíràn lọ ni pé ó ń fi ara rẹ̀ bọ́ ara rẹ̀. Ọkàn pẹ̀lú ń jẹ nínú ẹ̀jẹ̀ tí ó ń tì jáde. Bí ìṣàn bá dínkù, oúnjẹ ọkàn dínkù; bí oúnjẹ rẹ̀ bá dínkù, agbára rẹ̀ tún dínkù; bí agbára rẹ̀ bá sì tún dínkù, ìṣàn á tún rẹlẹ̀ sí i. Ní ọdún 2019, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọkàn kan ní Amẹ́ríkà tí a ń pè ní SCAI pín ìrìn àìsàn yìí sí ìpele 5, láti A dé E. Aláìsàn ìpele A wà nínú ewu ṣùgbọ́n kò tíì ṣubú. Ti ìpele E ti wà ní bèbè ikú. Ìdí tí ìpínsípele yìí fi wúlò ni pé ìrànlọ́wọ́ tí ó lè gba ẹni tí ó wà ní ìpele C là lè má ṣe ohunkóhun mọ́ fún ẹni tí ó ti dé E.

3.0 Bí àwọn ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́

3.1 Pàṣán àti àáró

Kí á tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ, oògùn ni a kọ́kọ́ ń lò. Dobutamine máa ń mú kí ọkàn sún kì pẹ̀lú agbára. Noradrenaline máa ń fún iṣan pọ̀ kí ìfúnpá lè gòkè. Àwọn méjèèjì wúlò, ṣùgbọ́n wọ́n dà bí pàṣán lára ẹṣin tí ó ti rẹ̀. Ẹṣin náà á sáré díẹ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú agbára tí ó ṣẹ́kù sí i lára ni ó ti ń ná an.

Ọ̀nà ti ẹ̀rọ yàtọ̀ sí èyí. A lè fi àáró àwọn àgbẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀. Bí àkókò oko ríro bá dé, àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ a máa bá ara wọn ro oko ní yíyípo: lónìí oko ẹni kan, lọ́la oko ẹlòmíràn. Bí ẹ̀yìn bá ń dun ẹnì kan nínú wọn, àáró yóò gba oko rẹ̀ lọ́wọ́ èpò títí ara rẹ̀ yóò fi le. Ṣùgbọ́n àáró kì í ṣe ọ̀wẹ̀. Ẹni tí a bá ṣe ọ̀wẹ̀ fún lè fi oúnjẹ àti ẹmu dá àwọn ènìyàn lọ́lá, kí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ẹni tí ó gba àáró jẹ gbèsè, yóò sì san án. Bákan náà, àwọn tí ń ṣe àáró kò lè máa gbé inú oko rẹ̀ títí ayé. A ó rí i pé ohun méjèèjì yìí, gbèsè àti òpin àkókò, wà lára gbogbo ẹ̀rọ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

3.2 Rọ́bà àfẹ́fẹ́ inú òpó iṣan

Èyí ni ó pẹ́ jùlọ nínú wọn. Ní ọdún 1967, ní ìlú New York, Adrian Kantrowitz lò ó fún obìnrin ẹni ọdún 45 kan tí ìkọlù ọkàn mú ìṣàn rẹ̀ ṣubú. Obìnrin náà yè é, ó sì padà sílé rẹ̀. Rọ́bà gígùn tín-ínrín ni, tí a ń gbà ibi tí itan ti pàdé ikùn tì bọ inú iṣan, títí yóò fi dé òpó iṣan ńlá tí ó wà nínú àyà. Gáàsì helium ni ó ń wọ inú rẹ̀ tí ó sì ń jáde. Bí ọkàn bá tú láti sinmi, rọ́bà á wú, á ti ẹ̀jẹ̀ padà sínú àwọn iṣan tí ń bọ́ ọkàn. Bí ọkàn bá fẹ́ sún kì, rọ́bà á fọn, àyè á sì ṣí sílẹ̀ níwájú ẹ̀jẹ̀ tí ń bọ̀. Ìrànlọ́wọ́ tí ó ń ṣe kò pọ̀: nǹkan bí ìdajì lítà ní ìṣẹ́jú kan.

3.3 Pọ́ǹpù tí ń gbé inú ọkàn

Èyí tí orúkọ rẹ̀ gbajúmọ̀ jù ni Impella. Ọ̀nà kan náà ni a ń gbé e gbà wọlé, ṣùgbọ́n òun kọjá òpó iṣan, ó gba àárín ilẹ̀kùn ọkàn wọ inú ìyẹ̀wù òsì. Ẹnu rẹ̀ kan wà nínú ìyẹ̀wù náà, èkejì wà nínú òpó iṣan. Abẹ́ kékeré kan tí ń yí ju ìgbà 40,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan ni ó ń fa ẹ̀jẹ̀ láti ẹnu kìíní lọ sí ẹnu kejì. Ó lè ti ju lítà 3 lọ ní ìṣẹ́jú kan, èyí tí ó ju ìdajì iṣẹ́ ọkàn lọ. Nípa bẹ́ẹ̀, kò kàn ran ọkàn lọ́wọ́; ó gba ẹrù lórí rẹ̀.

3.4 Ẹ̀rọ tí ń ṣe iṣẹ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró

Ìpìlẹ̀ èyí ni ẹ̀rọ tí John Gibbon lò ní Philadelphia ní oṣù karùn-ún ọdún 1953, nígbà tí ó la ọkàn ọ̀dọ́mọbìnrin ẹni ọdún 18 kan, tí ẹ̀rọ sì ń ṣe iṣẹ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró fún un. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni a ń lò bí a bá ń la ọkàn ní Nàìjíríà pẹ̀lú, láti ìgbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fabian Udekwu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Enugu ní 1974. Ṣùgbọ́n ti yàrá iṣẹ́ abẹ kì í ju wákàtí díẹ̀ lọ. Èyí tí a ń pè ní ECMO lè wà lára aláìsàn fún ọjọ́ mélòó kan. Ó ń fa ẹ̀jẹ̀ láti inú iṣan àbọ̀, ó ń fi ọ́síjìn sí i, ó sì ń tì í padà sínú iṣan àlọ. Ó lè ṣe gbogbo lítà 4 sí 5 tí ara ń fẹ́.

Àmọ́ ṣá o, ó ní àlébù kan tí kò yẹ kí á gbàgbé. Láti itan ni ó ti ń ti ẹ̀jẹ̀ sókè, tí ẹ̀jẹ̀ náà sì ń kọjú ìjà sí èyí tí ọkàn fẹ́ tì jáde. Ó dà bí ìgbà tí aláàárẹ̀ ń gbìyànjú láti ṣí ilẹ̀kùn tí ẹnì kan fi èjìká tì láti ìta. Ara ń rí ẹ̀jẹ̀ gbà, ṣùgbọ́n ọkàn lè tún máa ṣe wàhálà sí i.

3.5 Pọ́ǹpù tí a ń ránṣọ mọ́ ọkàn

Àwọn mẹ́ta tí a ti sọ jẹ́ ti ọjọ́ díẹ̀. Èyí tí ó kẹ́yìn, irú bí HeartMate 3, jẹ́ ti ọdún púpọ̀. Iṣẹ́ abẹ ni a fi ń so ó mọ́ ọkàn, wáyà kan á sì gba ara ikùn jáde lọ sí ọ̀dọ̀ bátìrì. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2022 fi hàn pé nínú aláìsàn 100 tí a fún ní ẹ̀rọ yìí, nǹkan bí 58 ni ó wà láàyè lẹ́yìn ọdún 5. Fún àwọn tí ikú ti ń wò lójú, èyí kì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n bátìrì rẹ̀ kì í lò ju nǹkan bí wákàtí 17 lọ kí a tó gba iná sí i. Ẹni tí ó bá gbé e sára gbọ́dọ̀ ní iná mànàmáná tí kì í tàn án jẹ, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, àti ibi tí a ti lè yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò déédéé.

4.0 Ǹjẹ́ wọ́n ń gba ẹ̀mí là?

Ènìyàn lè rò pé ẹ̀rọ tí ó bá ti ẹ̀jẹ̀ dáadáa yóò gba ẹ̀mí là láìsí àní-àní. Ìwádìí kò fi bẹ́ẹ̀ gbè é lẹ́yìn.

Ní ọdún 1999, a tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn tí ìkọlù ọkàn mú ìṣàn wọn ṣubú. Wọ́n tètè ṣí iṣan ọkàn tí ó dí fún àwọn kan, wọ́n sì fi oògùn tọ́jú àwọn yòókù ná. Lẹ́yìn oṣù 6, nínú 100 tí a tètè ṣí iṣan fún, nǹkan bí 50 ni ó kú. Nínú 100 yòókù, nǹkan bí 63. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé títọ́jú ohun tí ó fa ìṣubú náà ni ó ń gba ẹ̀mí là.

Ní 2012, ìwádìí kan ní Jámánì, lára aláìsàn 600, fi hàn pé rọ́bà àfẹ́fẹ́ tí a ti ń lò fún ọdún márùndínláàádọ́ta kò dín ikú kù: nǹkan bí 40 nínú 100 ni ó kú láàárín ọjọ́ 30 pẹ̀lú rẹ̀, nǹkan bí 41 láìsí i. Ní 2023, wọ́n dán ECMO wò bákan náà lára àwọn aláìsàn tí ó lé ní 400. Nǹkan bí 48 kú nínú 100 pẹ̀lú rẹ̀, 49 láìsí i. Ẹ̀jẹ̀ tí ń dà sì pọ̀ sí i lára àwọn tí a lò ó fún.

Ọdún 2024 ni ìròyìn tí ó yàtọ̀ dé. Ìwádìí tí a ń pè ní DanGer Shock, tí wọ́n ṣe ní Denmark, Jámánì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dán Impella wò lára aláìsàn 355. Láàárín ọjọ́ 180, nǹkan bí 46 nínú 100 kú pẹ̀lú ẹ̀rọ, nǹkan bí 58 sì kú láìsí i. Èyí ni pé bí a bá lò ó fún ènìyàn 8, ẹ̀mí ẹnì kan tí ì bá kú ni a gbà. Ṣùgbọ́n kí á má gbàgbé gbèsè àáró. Nǹkan bí 22 nínú 100 ni ẹ̀jẹ̀ dà lára wọn gan-an, sí 12 láìsí ẹ̀rọ. Nǹkan bí 42 ni a ní láti fi ẹ̀rọ ṣe iṣẹ́ kíndìnrín fún, sí 27 láìsí i. Àwọn kan wà tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ẹsẹ̀ wọn mọ́.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nínú ìwádìí yìí ni bí wọ́n ti ṣa àwọn aláìsàn náà. Gbogbo wọn ni ó jẹ́ pé ìkọlù ọkàn kan pàtó ni ó kọlù wọ́n. Wọn kò gba àwọn tí ọkàn wọn ti dúró rí tí wọn kò sì tíì jí padà. Ohun tí ó fa àìsàn hàn kedere, a sì mọ bí a ti ń tún un ṣe. Ẹ̀rọ di oko mú, àgbẹ̀ sì ní ìrètí àtidìde.

5.0 Ọ̀rọ̀ náà ní Ògbómọ̀ṣọ́

Bí ènìyàn bá dúró ní Tákíè ní àárín ìlú Ògbómọ̀ṣọ́, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn méjì ni ó wà nínú ìlú tí ó lè rí lọ. Ọ̀kan ni ti Yunifásítì Bowen, tí ó jogún iṣẹ́ ìṣègùn tí Dókítà George Green bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1907, tí a sì mọ̀ sí Baptist Medical Centre títí di 2009. Èkejì ni ti Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá. Ìbàdàn, níbi tí UCH wà, jìnnà tó nǹkan bí 100 kìlómítà. Ní ti àìsàn tí wákàtí kan lè gbé láti ìpele C dé E, ọ̀nà yìí gùn.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe ti ọ̀nà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé irú ọkàn wo ni ó ń ṣàárẹ̀ láàárín wa? Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2012 wo aláìsàn 1,006 ní ilé ìwòsàn 12 ní orílẹ̀-èdè 9 ní Áfíríkà, àwọn tí ọkàn wọn kò lágbára tó tí a sì gbà sí ilé ìwòsàn. Ọdún 52 ni ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn, nígbà tí irú wọn ní Yúróòpù ń súnmọ́ 70 tàbí tí ó jù ú lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó fa ti nǹkan bí 45 nínú 100. Àwọn tí dídí iṣan ọkàn fa tiwọn kò tó 8. Ní Abẹ́òkúta, ní Federal Medical Centre, àkọsílẹ̀ aláìsàn 452 tí a tẹ̀ jáde ní 2014 fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó wà nídìí àìsàn nǹkan bí 78 nínú 100. Ọ̀rọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládiípọ̀ Akínkúgbé fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹnu mọ́ ní Ìbàdàn, kí ó tó di olóògbé ní 2020, nìyẹn: ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe àìsàn òyìnbó nìkan.

Nítorí náà, a kò lè gbé nọ́ńbà DanGer Shock ka orí aláìsàn wa bí ẹni gbé fìlà ẹlòmíràn wọ̀. A lè pín àwọn aláìsàn wa sí ọ̀nà mẹ́ta.

Àkọ́kọ́ ni ẹni tí ọkàn rẹ̀ lè padà bọ̀ sípò. Àpẹẹrẹ tí ó dára jù ni ìyá ọlọ́mọ tuntun tí ọkàn rẹ̀ rọ ní oṣù tí ó kẹ́yìn oyún tàbí láàárín oṣù 5 lẹ́yìn ìbímọ. Àìsàn yìí pọ̀ ní Nàìjíríà, pàápàá ní ìhà àríwá. Ọkàn ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá wọ̀nyí a máa padà lágbára láàárín oṣù mélòó kan bí wọ́n bá rí ìtọ́jú gbà. Bí àáró bá yẹ ẹnikẹ́ni, ó yẹ irú ìyá bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ̀rọ bá yá a lè jẹ́ ogójì ọdún fún òun àti ọmọ rẹ̀.

Èkejì ni ẹni tí ohun kan pàtó fa tirẹ̀ tí a sì lè tún un ṣe, bí iṣan tí ó dí tàbí ilẹ̀kùn ọkàn tí ó bàjẹ́. Ẹ̀rọ wúlò fún un bí ẹni tí yóò tún nǹkan náà ṣe bá wà nítòsí. Bí kò bá sí, ẹ̀rọ kàn sún ọjọ́ síwájú ni.

Ẹ̀kẹta ni ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti lo ogún ọdún lára ọkàn rẹ̀, tí iṣan ọkàn sì ti gbó. Ní ibòmíràn, wọ́n lè ránṣọ pọ́ǹpù mọ́ ọkàn irú ẹni bẹ́ẹ̀, tàbí kí wọ́n fi ọkàn ẹlòmíràn rọ́pò tirẹ̀. Ní Nàìjíríà, ìpààrọ̀ ọkàn kò tíì di ohun tí a ń ṣe déédéé, a sì ti sọ̀rọ̀ nípa bátìrì àti iná. Bí a bá so irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ ọlọ́jọ́ díẹ̀ láìmọ ibi tí a ń lọ, ọjọ́ kan yóò dé tí ẹnì kan yóò ní láti sọ fún àwọn ẹbí pé a fẹ́ yọ ọ́. Owó ti lọ, ilẹ̀ ti di títà, ọkàn kò sì dìde. Kò sí ohun tí ó le tó ọ̀rọ̀ yìí láti sọ fún ọmọ tí ó jókòó ti ìyá rẹ̀. Ó sàn kí á sọ ọ́ kí á tó so ẹ̀rọ mọ́ ọn ju kí á sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀ lọ.

Ẹ̀wẹ̀, aláìsàn ọ̀nà kẹta yìí gan-an ni a lè ràn lọ́wọ́ jù, bí a bá bẹ̀rẹ̀ kí ìṣubú tó dé. Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìfúnpá kò ṣòro rí, a sì lè lò ó ní Tákíè ní ọjọ́ ọjà. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí a ń lò lójoojúmọ́ ń ṣe fún ọkàn ohun tí Impella ń ṣe: ó ń gba ẹrù lórí rẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ó ń ṣe é nígbà tí ọkàn ṣì lágbára, kò sì gba ìtan ẹnikẹ́ni wọlé.

6.0 Ìgúnlẹ̀

Nínú pépà yìí, a ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìṣubú ìṣàn láti ọkàn kì í ṣe ìpayà, kì í sì í ṣe ìrẹ̀wẹ̀sì. A ti ṣàlàyé ẹ̀rọ mẹ́rin, a sì ti rí i pé ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀rọ ń tì nìkan kọ́ ni ó ń gba ẹ̀mí là. Ibi tí a bá ti mọ ohun tí ó fa ìṣubú, tí a sì lè tún un ṣe tàbí tí ọkàn lè fúnra rẹ̀ dìde, ni àkókò tí a yá ti ń di ẹ̀mí.

A kò sọ pé kí àwọn ilé ìwòsàn wa má wá ẹ̀rọ wọ̀nyí. Ohun tí à ń sọ ni pé kí ọjọ́ tí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ bá dé ìlú kan tó pé, kí àwọn dókítà, nọ́ọ̀sì àti àwọn ẹbí aláìsàn ti fi ẹnu kò lórí ìbéèrè méjì: ta ni a ń dúró dè, títí dìgbà wo? Ẹni tí ó bá sì rí i pé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ará ilé òun tutù, tí òógùn bò ó, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dàrú, tí kò lè dùbúlẹ̀ mí, kí ó má ṣe pè é ní ibà, kí ó má sì dúró di òwúrọ̀. Ilé ìwòsàn ni kí ó gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, nítorí pé àáró kì í dé bá oko tí èpò ti gbà tán.